Bàálù Tó Ń Rìn Nílẹ̀: Ohun Tó Yẹ Kí Èrò Mọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa

  

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n mú ọ̀rọ̀ tó máa ṣe gbogbo wa láǹfààní wá. Mo wá wo ibi tí oníkálukú ti ń bọ̀. Àwọn kan ń ti Àbújá bọ̀, àwọn kan ti Port Harcourt, àwọn kan sì ti ìlú òyìnbó dé. Ọ̀pọ̀ wa ló wọ bàálù kó tó dé ibí, bàálù náà ló sì máa gbé wa padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ọ̀rọ̀ bàálù. Àmọ́ kì í ṣe bó ṣe ń fò ni mo fẹ́ sọ. Bó ṣe ń rìn nílẹ̀ ni.

Ẹlòmíràn lè ní, kí ló wà nínú ìyẹn? Ìgbà tí bàálù bá fẹ́ gbéra la máa ń bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Nígbà tó bá ṣì ń rìn nílẹ̀, fóònù là ń tẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí: jàǹbá bàálù tó tíì pa èèyàn jù lọ láyé, orí pápá ló ti ṣẹlẹ̀, láàárín ọkọ̀ tó ń sáré láti gbéra àti ọkọ̀ tó ń rìn jẹ́jẹ́. Mo máa dé orí ìyẹn. Mi ò kọ́ṣẹ́ awakọ̀ bàálù o. Akọ̀ròyìn ni mí, iṣẹ́ tiwa sì ni ká bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀, ká wá sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ mọ̀.

Ọ̀nà ìsáré àti ọ̀nà ìrìn

Oríṣi títì méjì ló wà fún bàálù nínú pápákọ̀ òfuurufú. Èkíní ni èyí tó ti ń sáré kó tó gbéra, òun náà ló sì ń balẹ̀ sí. Àwọn oníbàálù ń pè é ní runway. Èkejì ni èyí tó ń gbà láti ibi tí èrò ti wọlé lọ dé ìdí runway, tó sì ń gbà padà tó bá balẹ̀ tán. Taxiway lorúkọ ìyẹn. Kó lè yé tọmọdé tàgbà, ẹ jẹ́ kí n máa pe ti àkọ́kọ́ ní ọ̀nà ìsáré, kí n máa pe èkejì ní ọ̀nà ìrìn.

Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe ọ̀nà ìsáré, ibi tí bàálù bá kọjú sí ló sì ń sọ nọ́ńbà náà. Wọ́n á wo kọ́ńpáàsì, wọ́n á gé òdo tó gbẹ̀yìn kúrò. Gúúsù ni 180 lórí kọ́ńpáàsì, nítorí náà ọ̀nà tó kọjú sí gúúsù di 18. Ẹni tó bá gba orí kejì títì kan náà wọlé, àríwá ló kọjú sí, 360 nìyẹn, ó di 36. Ní pápákọ̀ Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, ọ̀nà ìsáré méjì ló wà, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ẹ̀gbẹ́. Àwọn méjèèjì ló ń jẹ́ 18 ní orí kan, tí wọ́n ń jẹ́ 36 ní orí kejì. Kí awakọ̀ má baà ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, wọ́n fi L kún ti ọwọ́ òsì, wọ́n fi R kún ti ọwọ́ ọ̀tún. Èyí tó gùn jù nínú wọn tó mítà 3,900, ó kù díẹ̀ kó pé kìlómítà mẹ́rin.

Ọ̀nà ìrìn ní tiẹ̀, lẹ́tà ló ń jẹ́: A, B, C. Lórí rédíò, wọn kì í pe A ní A lásán. Alpha ni wọ́n ń pè é, B ni Bravo, C ni Charlie, kí etí má baà gbọ́ B kó gbà á sí D. Wọn kì í lo I àti O, nítorí wọ́n jọ 1 àti 0 jù. Wọn kì í sì í lo X, torí pé X tí wọ́n bá fi ọ̀dà fà sílẹ̀ níbẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé ọ̀nà yìí ti dí, ẹ má gbà á.

Àwa tí a ń wọ bàálù abẹ́lé n'Ìkẹjà mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀nà ìrìn gígùn. Fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá, ọ̀nà ìsáré 18L, tó wà lápá ọ̀dọ̀ àwọn ọkọ̀ abẹ́lé, kò ní iná. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àfi kí gbogbo wọn rìn lọ sí 18R lọ́hùn-ún, lápá ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lọ òkèèrè. Ọdún 2022 ni wọ́n tó tì í láti ri iná sí i. Bàálù bíi Boeing 737 sì ń jó epo bíi kílò 10 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá fi ń rìn nílẹ̀. Bó bá rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kílò 150 ti jóná kó tó gbẹ́sẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ẹ má rò pé owó tíkẹ́ẹ̀tì yín ò mọ̀ nípa rẹ̀.

Bó ṣe ń rìn

Mọ́tò tiwa, ẹ́ńjìnnì ló ń yí táyà. Ti bàálù kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó so ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́ táyà rárá. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń tú sẹ́yìn ló ń ti gbogbo ọkọ̀ síwájú, táyà kàn ń yí tẹ̀lé e ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí katakata kékeré kan, tó kúrú tó sì wúwo, tó máa ti bàálù sẹ́yìn kúrò níbi tó dúró sí. Iná pupa kan wà lórí ọkọ̀ náà, òmíràn wà lábẹ́ ikùn rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń ṣẹ́jú, ìkìlọ̀ ni fún ẹni tó wà nílẹ̀: ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, tàbí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí olúkúlùkù yẹra. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lẹ́yìn rẹ̀ lè gbé èèyàn ṣubú.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọ̀gá awakọ̀ jókòó sí, ohun ìdarí kékeré kan wà tó ń fi ọwọ́ kan yí. Òun ló ń darí táyà iwájú. Bíréèkì wà lórí pẹ́dàlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń tẹ̀. Ní ojú ọ̀nà tó gún, eré rẹ̀ kì í sábà ju kìlómítà 55 ní wákàtí kan lọ. Tó bá fẹ́ yà, ó máa wálẹ̀ dé bíi kìlómítà 18. Ọ̀kadà á fi í sílẹ̀ kíá.

Kí ló dé tó fi ń rọra rìn bẹ́ẹ̀? Nítorí gígùn rẹ̀ ni, àti ìbú rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí tírélà tó fẹ́ yà wọ àdúgbò á mọ̀ pé orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà kí ìdí tó lè ráyè wọlé. Bàálù gígùn náà nìyẹn. Awakọ̀ jókòó síwájú táyà iwájú, nítorí náà ó ní láti kọjá ibi tó fẹ́ yà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Tó bá yí i kíá jù, táyà ẹ̀yìn á bọ́ sínú koríko. Ní ti apá, láti ṣóńṣó apá kan dé ìkejì Boeing 777-300ER fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 65. Ti Airbus A380 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 80. Kò rọrùn fún awakọ̀ láti rí ṣóńṣó apá yẹn láti ibi tó jókòó sí. Ìlà tó wà láàárín ọ̀nà ló ń tẹ̀ lé, ó sì gbára lé e pé ẹni tó fa ìlà náà ti wọn ọ̀nà fún apá òun.

Ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 2013, Boeing 747 ti British Airways kan ń lọ gbéra ní Johannesburg lóru. Wọ́n ní kó gba Bravo. Níbi tí Bravo ti yà, òun lọ tààrà, ó bọ́ sí Mike. Ọ̀nà ìrìn tòótọ́ ni Mike, ṣùgbọ́n ó há jù fún apá ọkọ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Apá ọ̀tún rẹ̀ wọ ilé ọ́fíìsì kan lọ, ó ya ògiri rẹ̀. Èèyàn mẹ́rin fara pa díẹ̀ nínú ilé náà, Ọlọ́run sì yọ àwọn tó wà nínú bàálù. Ẹ wò ó, ẹ́ńjìnnì ò bàjẹ́, ìjì ò jà. Ìyàsọ́nà kan ṣoṣo ni wọ́n kọjá.

Ọ̀dà àti iná

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ẹ lè ka ọ̀nà yìí fúnra yín. Ọ̀dà funfun ni ti ọ̀nà ìsáré, ọ̀dà yẹ́lò ni ti ọ̀nà ìrìn. Lálẹ́, iná funfun ló wà létí ọ̀nà ìsáré. Iná búlúù ló wà létí ọ̀nà ìrìn, iná aláwọ̀ ewé sì wà láàárín rẹ̀ ní àwọn pápákọ̀ tó bá ní in. Pátákó dúdú tí wọ́n fi yẹ́lò kọ lẹ́tà sí ń sọ fún awakọ̀ pé ibí lo wà. Pátákó yẹ́lò tí wọ́n fi dúdú kọ ń sọ pé ibí ni ọ̀nà yìí já sí. Pátákó pupa tí wọ́n fi funfun kọ ni ọ̀gá gbogbo wọn: má kọjá ibí láìgba àṣẹ.

Níbi pátákó pupa yẹn, ẹ óò rí ìlà yẹ́lò mẹ́rin tí wọ́n fà dábùú ọ̀nà. Méjì gùn gbọọrọ láìgé, méjì gé wẹ́wẹ́. Ẹni tó ń ti ọ̀nà ìrìn bọ̀, àwọn tí kò gé ló máa kọ́kọ́ bá. Dúró ni wọ́n ń wí. Ẹni tó ń ti ọ̀nà ìsáré bọ̀, àwọn tó gé ló máa kọ́kọ́ bá. Wọ́n ń sọ fún un pé kó kọjá, kí gbogbo ara rẹ̀ jáde títí dé ìrù. Ní àwọn pápákọ̀ kan, wọ́n tún to iná pupa sí ojú ilẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n máa ń pa nígbà tí ọ̀nà bá ṣí. Nínú gbogbo ìrìn bàálù lórí ilẹ̀, kò sí ibi tó le tó ìlà mẹ́rin yìí. Lápá ìhín, eré ìjàpá ni. Lápá ọ̀hún, ọkọ̀ mìíràn lè máa bọ̀ pẹ̀lú eré tó ju kìlómítà 250 lọ.

Ọ̀rọ̀ tí a tún sọ

Ta wá ni ń fún ni láṣẹ? Àwọn adarí tó wà nínú ilé gogoro ni. Ní pápákọ̀ ńlá, adarí kan ló ń mójú tó ọ̀nà ìrìn, òmíràn ló ni ọ̀nà ìsáré. Bí adarí bá ní kí awakọ̀ gba Alpha, kó sì dúró kó tó dé 18R, awakọ̀ kò gbọdọ̀ dáhùn pé "Ó dáa" lásán. Ó ní láti tún ọ̀rọ̀ náà sọ bó ṣe gbọ́ ọ, kó sì fi orúkọ ọkọ̀ rẹ̀ kún un. Adarí náà á fetí sílẹ̀ bóyá ó tún un sọ déédéé. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, nígbà tí ẹ ń ní ká dìde ká tún un sọ kí gbogbo kíláàsì gbọ́, ìyà lásán la pè é. Ẹ ò mọ̀ pé iṣẹ́ awakọ̀ bàálù lẹ ń kọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Tenerife, torí òun ló jẹ́ kí òfin yìí le tó báyìí.

Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977. Bọ́ǹbù kan bú ní pápákọ̀ Gran Canaria, ní àwọn erékùṣù tó jẹ́ ti Sípéènì. Wọ́n ti ibẹ̀ pa, wọ́n sì darí àwọn bàálù tó ń bọ̀ sí Los Rodeos, ní erékùṣù Tenerife tó wà nítòsí. Los Rodeos kò tóbi. Ọ̀nà ìsáré kan ló ní, pẹ̀lú ọ̀nà ìrìn kan tó bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ wá pọ̀ débi pé orí ọ̀nà ìrìn náà ni wọ́n ń gbé wọn kalẹ̀ sí. Nígbà tí wọ́n ṣí Gran Canaria padà, tí oníkálukú fẹ́ máa lọ, ọ̀nà ìrìn ti dí. Ẹni tó bá fẹ́ gbéra ní láti rìn lórí ọ̀nà ìsáré gan-an títí dé ìpẹ̀kun, kó yípo níbẹ̀, kó wá dojú kọ ibi tó ti bọ̀.

Boeing 747 méjì ló fẹ́ lọ, ọ̀kan ti KLM àwọn ará Holland, ọ̀kan ti Pan Am àwọn ará Amẹ́ríkà. KLM ṣáájú, ó dé ìpẹ̀kun, ó yípo. Pan Am ń rìn bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà, wọ́n sì ní kó yà kúrò ní ẹnu ọ̀nà kẹta. Kùrukùru bolẹ̀. KLM kò rí Pan Am, Pan Am kò rí KLM, ilé gogoro kò rí ìkankan nínú wọn, kò sì sí rédà tó ń wo ilẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kẹta yẹn yà sẹ́yìn lọ́nà tó ṣòro fún ọkọ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Pan Am kọjá rẹ̀, ó ń lọ sí ìkẹrin.

Nígbà náà ni ilé gogoro ka ọ̀nà tí KLM máa gbà lójú ọ̀run fún un. Àlàyé ọ̀nà nìyẹn o, kì í ṣe àṣẹ pé kó gbéra. Ọ̀gá awakọ̀ KLM ń kánjú, nítorí òfin iye wákàtí tí wọ́n lè fi ṣiṣẹ́ ti ń lé wọn bọ̀. Ó tú ọkọ̀ sílẹ̀. Igbákejì rẹ̀ ń tún ọ̀rọ̀ adarí sọ, ó sì fi gbólóhùn kan parí rẹ̀ tó lè túmọ̀ sí pé a ti wà níbi tí a ti máa gbéra, tó sì tún lè túmọ̀ sí pé a ti ń gbéra lọ. Èkíní ni adarí gbà á sí. Ó dá a lóhùn pé ó dáa, ó sì fi kún un pé kó ṣì dúró. Lásìkò kan náà, Pan Am ké sí wọn pé àwọn ṣì wà lójú ọ̀nà. Ohùn méjì pàdé lórí rédíò kan ṣoṣo, wọ́n pa ara wọn. Ohun tó dé etí KLM ketekete kò ju "ó dáa" lọ, ìyókù di ariwo tó ń fọn. Ẹ̀rọ̀ọ́ńjìnnì tó wà lẹ́yìn wọn bèèrè bóyá Pan Am ò tíì kúrò. Ọ̀gá ní ó ti kúrò.

Èèyàn 583 ló kú. Gbogbo àwọn 248 tó wà nínú KLM lọ. Nínú Pan Am, 335 kú, 61 yè é. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.

Láti ìgbà náà, wọn kì í dárúkọ gbígbéra lórí rédíò mọ́ àfi nígbà tí wọ́n bá ń fúnni láṣẹ rẹ̀ gan-an, tàbí tí wọ́n bá ń gbà á padà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n ń lò. "Ó dáa" nìkan kì í ṣe ìdáhùn mọ́. Wọ́n sì ń kọ́ àwọn igbákejì pé kí wọ́n má ṣe gbé ẹnu wọn dákẹ́ níwájú ọ̀gá tí ohun kan ò bá yé wọn. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣòro fún àwa tí wọ́n tọ́ pé ká má já àgbà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún bèèrè" kò já ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó ń gba ọ̀gá rẹ̀ là ni.

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ní Linate, nílùú Milan, ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 2001, kùrukùru tún bolẹ̀. Wọ́n ní kí bàálù Cessna kékeré kan gba ọ̀nà ìrìn R5, R6 ló bọ́ sí. Rédà ilẹ̀ kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lákòókò yẹn. Ọ̀nà tó gbà gbé e dé iwájú ọkọ̀ SAS tó ń sáré láti gbéra. Èèyàn 118 ló kú. Òfin tó wà fún irú ìgbà bẹ́ẹ̀ rọrùn láti sọ: bí o kò bá dá ibi tí o wà mọ̀, dúró, kí o pe ilé gogoro, kí o sọ pé o kò mọ̀.

Ipa tiwa

Ẹ lè ní, awakọ̀ lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ó kàn wá o.

Bàálù á balẹ̀ n'Ìkẹjà, kò ní tíì kúrò lójú ọ̀nà ìsáré, a óò ti máa gbọ́ bẹ́líìtì: kpá, kpá, kpá. Ẹlòmíràn á ti dìde, á máa fa báàgì lókè orí ẹni ẹlẹ́ni. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ṣì ní láti la ọ̀nà ìrìn kọjá láàárín mọ́tò epo, mọ́tò ẹrù àti àwọn bàálù mìíràn. Tí ọ̀kan bá yọ sí i, bíréèkì ló máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ gbàgà. Ẹni tó dúró lórí ẹsẹ̀ ló máa fi orí sọ ìjókòó, báàgì rẹ̀ á sì bọ́ lu ìyá arúgbó tó jókòó jẹ́jẹ́.

Èkejì: bí bàálù bá dúró lójú ọ̀nà tí kò lọ, ẹ má bá wọn pariwo pé kí ló ń ṣe é. Bóyá iwájú ìlà mẹ́rin yẹn ló wà, tó ń dúró de ọ̀rọ̀. Ẹ rántí ẹni tó kánjú ní Tenerife. Ìdúró yẹn wà lára iṣẹ́ tí a san owó rẹ̀.

Ẹ̀kẹta la rí kọ́ ní pápákọ̀ Haneda nílùú Tokyo, ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 2024. Wọ́n ní kí bàálù àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun kan rìn dé ibi ìdúró. Awakọ̀ rẹ̀ gbà pé wọ́n ti fún òun láàyè, ó wọ ojú ọ̀nà ìsáré. Airbus A350 ti Japan Airlines sì ń balẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Márùn-ún nínú àwọn mẹ́fà tó wà nínú ọkọ̀ kékeré náà kú. Wọ́n ń gbé ohun ìrànwọ́ lọ fún àwọn tí ilẹ̀ ríri bá ni, ó dunni púpọ̀. Iná mú ọkọ̀ ńlá náà, ó jó o di eérú. Síbẹ̀ gbogbo àwọn 379 tó wà nínú rẹ̀ ló jáde láàyè. Wọ́n jókòó títí wọ́n fi ní kí wọ́n dìde, wọ́n sì fi ẹrù wọn sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bí ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá dé, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó dé, ẹ má wá báàgì, ẹ má wá bàtà. Bí ẹ bá ti jókòó, ẹ ka iye ìjókòó tó wà láàárín yín àti ilẹ̀kùn tó sún mọ́ yín jù, torí èéfín kì í jẹ́ kí ojú ríran.

Alága, mi ò ní gba àkókò oúnjẹ mọ́ yín lọ́wọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ kọ́ wa pé kò sí ìtìjú nínú kéèyàn tún bèèrè. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, mo wà níbí. Bí a ṣe wá láyọ̀, láyọ̀ la ó padà délé.